Fíìmù ìlépa ní Lọ́ńdọ̀n: èwo ló jọ ìlú tí ẹ mọ̀?

Adùnní_SE15
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Lálẹ́ àná ni mo tún jókòó wo Dirty Pretty Things tí Stephen Frears darí ní 2002, ó sì wù mí láti bi ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Lọ́ńdọ̀n, tàbí tí ẹ ti gbé ibẹ̀ rí, léèrè: nínú gbogbo fíìmù ọ̀daràn àti ìlépa (thriller) tí wọ́n fi ìlú yìí ṣe, èwo ló jọ ìlú tí ẹ mọ̀? Ìrírí ni mo ń béèrè o. Ẹ má sọ ìtàn fíìmù fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Awakọ̀_Òru
Èyí tí o wò yẹn náà ni tèmi. Dókítà ni Okwe, olórí òṣèré inú rẹ̀, ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ní Lọ́ńdọ̀n ó ń wa takisí lọ́sàn-án, ó ń dúró sídìí káńtà òtẹ́ẹ̀lì lóru, ó sì ń jẹ ewé kan kí oorun má baà gbé e lọ. Èmi náà wa mínìkábù nígbà tí mo dé, ṣáájú 2003 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún awakọ̀ ní ìwé àṣẹ. Yàrá híhá kan lókè ilé adìyẹ díndín ni ọ́fíìsì wa. Ọ̀gá á máa ka àdírẹ́sì lórí rédíò, èmi á fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, n ó máa wá òpópónà nínú ìwé máàpù A–Z tí abala Lewisham ti ya kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ agbẹjọ́rò ní Freetown, òmíràn ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní Kábúlù, a kì í sì í bi ara wa léèrè ìwé ìgbélùú.

Ṣadé_Ìbàdàn
Ewé wo? Ṣé igbó ni?

Awakọ̀_Òru
Kì í ṣe igbó, àbúrò. Khat ni, èyí tí àwọn ará Sòmálíà àti Yemen máa ń jẹ. Kò lòdì sófin ní Ìlú Ọba nígbà náà. 2014 ni wọ́n tó fòfin dè é.

Ìyá_Woolwich
Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń bí mi nínú. Nínú 28 Days Later, ọkùnrin kan jí ní ọsibítù, ó rìn gba orí afárá Westminster kọjá, kò sì rí ẹyọ ènìyàn kan. Ọkọ mi ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni, mo ní rárá, àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n yà á, tí wọ́n ń dá ọkọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àkókò yẹn gan-an ni àwa máa ń wà nínú bọ́ọ̀sì N1, láti Thamesmead títí dé Waterloo, tí ẹni tó bá wọlé ní Woolwich kò ní rí ibi jókòó. Obìnrin kan wà tó máa ń sùn, tí orí rẹ̀ á máa gbá gíláàsì fèrèsé, àmọ́ bí a bá ti ku ibùdókọ̀ kan kó sọ̀ kalẹ̀, á la ojú, á gbé báàgì bàtà iṣẹ́ rẹ̀, á sì kí gbogbo wa pé ó dìrọ̀lẹ́. Níbo ni wọ́n kó wa sí nínú fíìmù yẹn?

Kúnlé_Hackney
Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, àrùn ló pa gbogbo ìlú nínú fíìmù náà, ẹ̀yin ń wá bọ́ọ̀sì!

Ìyá_Woolwich
Kúnlé, àrùn dé ní 2020, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù jókòó sílé. Bọ́ọ̀sì wa kò dúró. Ta lo rò pé ó ń nu ilẹ̀ ọsibítù?

Tolú_D
Kúnlé, ẹnu rẹ wọhò.

Kúnlé_Hackney
Mo dọ̀bálẹ̀, ìyá.

Ọkọ̀_Abẹ́lẹ̀
Tèmi ni Skyfall, fíìmù James Bond ti 2012, nítorí pé ìdí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Ibùdókọ̀ tí wọ́n pè ní Temple nínú rẹ̀, Charing Cross ni wọ́n ti yà á, lórí pèpéle ọkọ̀ Jubilee tí èrò kò wọ̀ mọ́ láti 1999. Ọkọ̀ ojú irin District àti Circle ló ń dúró ní Temple, ọkọ̀ ńlá tó fẹ̀, tí kò jìnnà sí ojú ilẹ̀. Àwọn wá gbé ọkọ̀ kékeré tí í gba inú ihò jíjìn síbẹ̀. Mo wò ó ní sinimá pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, a sì pariwo débi pé wọ́n fẹ́ lé wa jáde.

Ṣadé_Ìbàdàn
Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ náà já òrùlé wálẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Bond, fífẹ̀ rẹ̀ lẹ ń wò?

Ọkọ̀_Abẹ́lẹ̀
Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ District ni, kò bá má tilẹ̀ tètè dé!

Tolú_D
Kò sí ẹni tó dárúkọ Attack the Block? John Boyega, ọmọ Peckham, ọmọ Nàìjíríà, fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn ní 2011. Wọ́n ya díẹ̀ nínú rẹ̀ ní àwọn ilé alágbèékà Heygate, ní Elephant and Castle, níbi tí wọ́n ti tọ́ mi. Wọ́n ti wó gbogbo rẹ̀ báyìí, nítorí náà bí mo bá fẹ́ fi àtẹ̀gùn ìgbà èwe mi han àwọn ọmọ mi, fíìmù ni mo máa ń tàn.

Awakọ̀_Òru
Ẹranko láti òfuurufú ló wà níbẹ̀, Tolú. Ìyẹn kì í ṣe irú fíìmù tí à ń sọ.

Tolú_D
Ọmọ dúdú ń sá, ọlọ́pàá ń lé e, ẹ wá ní kì í ṣe fíìmù ìlépa?

Ṣadé_Ìbàdàn
Ẹ padà sọ́dọ̀ Okwe, ẹ jọ̀ọ́. Ọkàn ènìyàn tó dí ilé ìyàgbẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, kíndìnrín tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn kí wọ́n tó fún un ní ìwé ìrìnnà: àsọdùn ni gbogbo rẹ̀ lójú tèmi.

Àbẹ̀kẹ́_Croydon
Mo ṣe iṣẹ́ títún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì kan tí n kò ní dárúkọ. Yàrá kan wà tí alábòójútó ní kí a má wọ̀. Láràárọ̀, aṣọ bẹ́ẹ̀dì á wà nínú àpò dúdú lẹ́nu ọ̀nà, owó páùn á sì wà lórí rẹ̀ fún ẹni tó bá kó o. A kò béèrè. Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá wá, wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì rí ìwé ìrìnnà oríṣiríṣi lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń gbébẹ̀ sì ti lọ. Àwa tí ìwé wa kò pé gba ilẹ̀kùn ìdáná jáde, a kò sì padà wá gba owó ọ̀sẹ̀ yẹn.

Kúnlé_Hackney
Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́, ṣé ẹ kò fi fíìmù kún un díẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́_Croydon
Bí mo bá fi kún un, n ó fi owó ọ̀sẹ̀ náà kún un pé mo gbà á.

Adùnní_SE15
Ṣadé, ní 2023 ni ilé-ẹjọ́ Old Bailey dá Ike Ekweremadu lẹ́bi, ẹni tó ti jẹ́ igbákejì ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà wa, pé ó lọ́wọ́ nínú mímú ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Èkó wá sí Lọ́ńdọ̀n nítorí kíndìnrín rẹ̀. Wọ́n fi í sẹ́wọ̀n ọdún 9 àti oṣù 8. Ó lé ní ogún ọdún tí fíìmù yẹn fi ṣáájú ẹjọ́ náà.

Ṣadé_Ìbàdàn
Ó dára, mo gbà. Àmọ́ ohun tí n kò ní gbà láéláé ni ìparí rẹ̀: ìwé ìrìnnà wà lọ́wọ́ Okwe, ó sì wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sí Èkó!

Awakọ̀_Òru
Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń lọ bá.

Ṣadé_Ìbàdàn
Kó fi owó ránṣẹ́ sí i.