Irú ló pàdé mi ní Kyoto

Ẹ kú ìjókòó o. Láti àná ni mo ti ń ka ìrírí ìrìn àjò tẹ́ ẹ̀ ń kọ síbí. Ẹni tó gbàgbé ìyàwó ẹ̀ sí ibùdókọ̀ ojú irin yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa mí. Ẹ jẹ́ kí n mú tèmi náà wá.

Nígbà tó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí èmi àti Bàbá Ìbejì ṣègbéyàwó, lóṣù kọkànlá ọdún 2023, la kó àwọn ọmọ fún ìyá mi ní Peckham ní London, ó di Jàpáànì. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́rìnlá la fi wà lójú òfurufú. Ọkọ̀ kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí, oúnjẹ ni, torí ọkọ mi kì í jẹ ohun tí kò bá ta. Mo ti di kílíṣí sábẹ́ aṣọ kí ọ̀rẹ́ mi kan tó kìlọ̀ fún mi pé wọn kì í jẹ́ kéèyàn kó ẹran wọ ìlú wọn, ì báà tiẹ̀ gbẹ bí òkúta. Mo yọ ọ́. Ìgò ata gígún kan ṣoṣo ló bá wa débẹ̀.

Ọjọ́ kejì tá a dé Tokyo la lọ sí Asakusa, níbi tí tẹ́ńpìlì Sensō-ji wà. Fìtílà pupa ràgàjì kan ló rọ̀ sẹ́nu géètì, àwọn tó ń ya fọ́tò lábẹ́ ẹ̀ ò sì jẹ́ kéèyàn rọ́nà kọjá. Èyí tó gbádùn mọ́ mi ni ibi tí wọ́n ti ń yẹ orí ẹni wò. Ẹ ó ju yen 100 sínú àpótí, ẹ ó gbé agolo irin kan, ẹ ó mì ín ṣẹkẹṣẹkẹ títí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan á fi yọ lójú ihò rẹ̀. Nọ́ńbà ara igi yẹn lẹ ó fi wá dúrọ́ọ̀ tiyín, ìwé wà níbẹ̀. Babaláwo ni bàbá tó bí bàbá ọkọ mi ní Ìjẹ̀bú. Ọkọ mi ní, "Ọ̀pẹ̀lẹ̀ tàwọn eléyìí nìyí." Tèmi fọre. Tiẹ̀ fọ ibi, "kyō" ni wọ́n ń pè é, ojú ẹ̀ sì fà ro. Àṣé wọ́n ti ṣètò ètùtù sílẹ̀: ẹ ó ká ìwé náà, ẹ ó so ó mọ́ irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí aburú náà dúró síbẹ̀. Ẹ wá wo ọkọ mi, díákónì ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń ta tiẹ̀ ní kókó lẹ́ẹ̀mẹta.

Shinkansen, ọkọ̀ ojú irin wọn tó ń sáré bí àṣá, gbé wa láti Tokyo dé Osaka, kìlómítà 515, láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lálẹ́ Ẹtì mọ ohun tó wà níkùn mi. Ní àdúgbò Dōtonbori ní Osaka la ti jẹ takoyaki, ìyẹn àkàrà róbótó tí wọ́n ń yí nínú páànù irin oníhò, gẹ́lẹ́ bíi ti oní-màsà, àmọ́ octopus, ẹran inú òkun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, ló wà nínú tiwọn. Wọ́n wá da ẹja gbígbẹ tí wọ́n fá pẹlẹbẹ bí ìwé sórí ẹ̀. Ooru bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kó jó. Ọkọ mi fò sẹ́yìn: "Ìyá Ìbejì, ó ń mira o!" Nígbà tó jàjà fi sẹ́nu, ó jó o láhọ́n. Mo fi owó díẹ̀ lé e fún ọmọ tó ń tà á. A ò tíì rìn jìnnà tó fi sáré bá wa, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà. Wọn kì í gba irú ẹ̀ níbẹ̀.

Kyoto gan-an wá ni ọ̀rọ̀ wà. Ilé àlejò àtijọ́ la wọ̀ sí, àwọn tó ń jẹ́ ryokan, ẹní ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi gbogbo. Ẹ ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbà kan tó wọ kimono jáde wá, ó kúnlẹ̀, ó ń kí wa káàbọ̀. Ọkọ mi ò lè gbà á, kí ẹni tó tó bí òun lọ́mọ máa kúnlẹ̀ fóun! Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá náà túbọ̀ tẹrí ba, ọkọ mi náà tún fi àyà lélẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo dúró sí, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ ti já, gbogbo gìgísẹ̀ wà níta. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí n lè gbé e dìde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé oúnjẹ wá: ìrẹsì, ẹja yíyan, ọbẹ̀ miso, àti abọ́ kékeré kan tó ní ìdérí. Mo ṣí i báyìí, òórùn irú lù mí nímú. Mo wo ọkọ mi, ọkọ mi wò mí. Nattō ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀wà sóyà tí wọ́n sè tí wọ́n sì bò títí ó fi kan ni, bí àwọn kan ṣe ń fi sóyà ṣe irú nílé náà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù lójú ẹsẹ̀: Bacillus subtilis, kòkòrò tín-ín-tín tó ń ṣiṣẹ́ nínú irú wa náà, ló wà nínú tiwọn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiwọn ń fà yọ̀ọ̀ bí ilá, tẹ́ ẹ bá sì rò ó pọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa, ńṣe ló ń fà sí i. Wọ́n ní àwọn ará ìhà ibẹ̀ gan-an ò fẹ́ràn ẹ̀ tó àwọn ará Tokyo. Bàbá Ìbejì yọ ìgò ata jáde lápò, ó wọ́n ọn sí i, ó fi jẹ abọ́ ìrẹsì méjì. Ìyá àgbà yẹn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Mo ti rí i rà ní London báyìí, inú fíríìsà ni wọ́n ń kó o sí. Ẹni tó bá ti fi ro ẹ̀fọ́ rí nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń ṣan yíyọ̀ yẹn kúrò ni àbí bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń dà á sí i?