Àwa méje nínú ilé kan: báwo ni a ṣe lè gba àlékún omi ní Cape Town?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2018 yìí tí ìjọba ìlú Cape Town ti ní kí ẹnikẹ́ni má lo omi tó ju lítà 50 lọ lójúmọ́ nítorí ọ̀dá, inú ọpọ́n ni gbogbo wa ń dúró sí wẹ̀, omi náà la sì fi ń ṣan ilé ìyàgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́rin ni ìjọba kà sí ilé kan nígbà tí wọ́n ń ṣírò omi tó tọ́ sí i. Àwa jẹ́ méje, pẹ̀lú màmá mi arúgbó. Ta ló ti kọ̀wé béèrè àlékún rí? Ìwé ẹ̀rí wo ló fi tì í lẹ́yìn, kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ tó ń sé omi sẹ́nu páìpù wa?