Àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa: ibo ni kí a tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn, orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo sì ni àkọsílẹ̀ owó àti nọ́ńbà báńkì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà. Mo fẹ́ máa fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn tó ni ibi ìpamọ́ náà lè máa kà á.

Ìdáhùn kìíní
Ẹ sọ fáìlì náà di àdììtú lórí kọ̀ǹpútà yín kí ó tó kúrò níbẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ bíi restic ń fi AES-256, ìyẹn ọ̀nà ìsọdi-àdììtú kan tó lágbára, ṣe é, tí ó fi jẹ́ pé wúruwùru tí kò ní ìtumọ̀ ni ilé-iṣẹ́ ìpamọ́ yóò rí. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, ohun tó bá yí padà nìkan ni yóò máa fi ránṣẹ́, èyí tí kì í jẹ dátà púpọ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ gan-an ni wàhálà: bí ó bá sọnù, kò sí ẹni tó lè bá yín ṣí i, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sọ́wọ́ akápò.

Ìdáhùn kejì
Òótọ́ ni. Mo fi kún un pé kí ẹ̀dà náà jìnnà sí ibi tí ojúlówó rẹ̀ wà: nígbà tí iná jó ilé ìpamọ́ dátà ti ilé-iṣẹ́ OVHcloud ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé, ní oṣù kẹta ọdún 2021, àwọn oníbàárà kan tí ojúlówó àti ẹ̀dà wọn jọ wà níbẹ̀ pàdánù gbogbo rẹ̀.

Akọ̀wé
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí a máa dán an wò bóyá ó ṣì ń ṣí?

Ìdáhùn kìíní
Lóṣooṣù, lórí kọ̀ǹpútà mìíràn.