Ìyá mi ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n máa wọ́ wọn lẹ́sẹ̀?

Ọmọ Alákàrà, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àsìkò yìí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìyá mi ti pé ẹni ọdún 68. Ó ti tó ọdún 7 tí orúnkún ti ń dùn wọ́n, dókítà ní oríkèé ibẹ̀ ló ti gbó. Ìyá kan ládùúgbò wa ló máa ń wá fi òrí àti àdín wọ́ wọn lẹ́sẹ̀ ní gbogbo Sátidé, ara á sì tù wọ́n títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n ní oṣù 3 sẹ́yìn, ẹsẹ̀ òsì Màmá wú, ó ń gbóná. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń lo warfarin, tí a sì ń lọ yẹ INR (ìyẹn ìwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì) wò lóṣooṣù.

Sátidé tó kọjá, mo tọjà dé, mo rí ibi tí ìyá náà fi àtàǹpàkò tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ẹ̀rù bà mí. Màmá ní n ò gbọdọ̀ sọ fún dókítà. (Nígbà kan tí wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn mu àgbo, dókítà kan jágbe mọ́ wọn lójú gbogbo èèyàn. Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti sọ nǹkan kan mọ́.) Ní báyìí, ọkùnrin kan tó kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà ní òun á gún un sí wọn lórúnkún, Màmá sì fẹ́. Mi ò fẹ́ gba ìtura lọ́wọ́ wọn, mi ò sì fẹ́ pàdánù wọn. Kí ni kí n ṣe?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham

Àbúrò, ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ ẹsẹ̀ òsì yẹn mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lè já níbi tó wà, kó bá iṣan lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì ń pa èèyàn lójijì. Bí Màmá ò bá lè mí dáadáa tàbí àyà ń dùn wọ́n, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ.

Ibi tó dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún yẹn ń bà mí lẹ́rù. INR tí wọ́n sábà máa ń fẹ́ fún irú wọn ni 2 sí 3. Ó lè ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la, ẹ má dúró de ìparí oṣù. Ẹ sì wo nǹkan tí ìyá yẹn fi ń pa wọ́n. Òrí àti àdín kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Ìpara tó máa ń ta bí ata ni kí ẹ yí ìdí agolo rẹ̀ wò: bí wọ́n bá kọ methyl salicylate síbẹ̀, awọ ara máa ń mu ún, ó sì máa ń jẹ́ kí agbára warfarin pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ti abẹ́rẹ́, ó tín-ín-rín bí irun, kò sì sí oògùn nínú rẹ̀. Ẹnu àwọn àgbà ìṣègùn ò kò lórí rẹ̀: ní 2019, àwọn dókítà oríkèé ní Amẹ́ríkà gbà pé ó ṣeé dán wò fún orúnkún, ní 2022, NICE, àjọ tó ń fún àwọn dókítà níbí ní ìlànà ìtọ́jú, ní kí wọ́n má fi lọ ẹni tí oríkèé rẹ̀ gbó, eré ìdárayá ni kí wọ́n fi ṣáájú. Èmi ò ní ná owó ńlá lé e. Bí Màmá bá takú, kí dókítà gbà á ná, kí wọ́n sì já abẹ́rẹ́ tuntun lójú yín.

Bàbá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀fọ́rí túúlu ló gbé mi dé ìdí abẹ́rẹ́ yẹn. Oògùn 2 ni mo ti lò tí kò ràn mí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni mo lọ láàárín ọ̀sẹ̀ 8, ó sì dín kù gan-an. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí obìnrin náà bi mí ni oògùn tí mò ń lò, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá bi Màmá léèrè oògùn wọn, ẹ má jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn wọ́n.

Ọmọ Alákàrà, Ìbàdàn

Ẹ ṣé gan-an ni o. A ti lọ. Mo kọ́kọ́ wọlé lọ bá dókítà kí Màmá tó wọlé, mo sọ gbogbo rẹ̀. Obìnrin ni, kò pariwo. INR jẹ́ 4.6! Ó ní kí Màmá má lo warfarin alẹ́ ọjọ́ náà, ó sì dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Mo yọ agolo ìpara tí mo gbà lọ́wọ́ ìyá tó ń wọ́ra nínú báàgì. Orúkọ tí Àǹtí sọ wà níbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ìjàlọ. Màmá ló ní òrí nìkan ò ta mọ́, ni ìyá yẹn bá ń pò ó mọ́ ọn láti oṣù 2.

Nírọ̀lẹ́, mo lọ sílé ìyá náà. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ní, “Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ dì sí wọn lẹ́sẹ̀.” Òótọ́ ni, a ò sọ. Dókítà ti gbà kí wọ́n máa fi òrí nìkan ra Màmá léjìká àti lọ́wọ́, wọ́ọ́rọ́wọ́. Físíò ti kọ́ wa bí Màmá á ṣe máa na orúnkún lórí àga. Ní ti ọkùnrin abẹ́rẹ́, mo bi í bóyá tuntun ló máa ń já. Ó ní òun máa ń sè wọ́n ni. Mo kí i, mo lọ.

Lánàá, Màmá na ọwọ́ méjèèjì sí ìyá yẹn kí wọ́n tó jókòó. Ọjọ́ Ẹtì la ó tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.