Ìpín ni, kì í ṣe fìlà: èsì mi lórí "fìlà dátà"

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o.

Mo ti ka ohun tí àbúrò wa tó wà ní London kọ síbí lọ́jọ́ Ajé láti fi dáhùn ìbéèrè mi pé, kí ni ká máa pe data cap ní Yorùbá? Ó ní iye dátà tí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì bá fún èèyàn, tí kò gbọdọ̀ lò kọjá, ká máa pè é ní "fìlà dátà", torí pé cap ni Òyìnbó ń pè é, cap sì ni fìlà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó dá mi lójú pé ohun tó kọ nìyẹn. Àbúrò mi, má bínú sí mi. Fìlà, orí là ń dé e sí. Ì báà jẹ́ gọ̀bì, ì báà jẹ́ abetí-ajá, èwo nínú wọn ló dá ẹnikẹ́ni dúró lójú ọ̀nà rí? Kí lo fẹ́ kí ìyá tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ṣakí gbọ́ nínú "fìlà dátà mi ti kún"?

Àwọn tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì kò wo ẹnu Òyìnbó rárá. Ohun tí nǹkan náà ń ṣe ni wọ́n wò: ó ń sọ̀rọ̀, kò gbèsì. Amúlétutù, ó ń mú ilé tutù. Iná mànàmáná, ojú ọ̀run ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n kí wáyà tó dé. Bàtà ẹlòmíì la ń wọ̀ báyìí, a sì ń sọ pé ẹsẹ̀ wa ni kò gún.

Èmi ni mo kọ́kọ́ bi ìbéèrè yìí níbí, n kò sì sọ ohun tó fà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Abúlé kan wà lójú ọ̀nà Ìgbòho tí àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ń gbé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń múra ìdánwò JAMB. Nẹ́tíwọ̀kì kì í wọ inú ilé wọn. Ẹ̀yìnkùlé, lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ni wọ́n ń gbé fóònù lé, ibẹ̀ nìkan ló ti ń mú ìlà méjì. Ọmọ náà ra gíìgì kan ní ₦800, ọjọ́ méje ni wọ́n fún un. Ó ń ṣọ́ ọ lò bí ẹni ń ṣọ́ iyọ̀: á wo fídíò ìṣirò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á pa dátà, á lọ fi bírò ṣe èyí tó wò. Lọ́jọ́ kẹta, dísẹ́ẹ̀lì tán nídìí máàsì, òpó tó ń gbé nẹ́tíwọ̀kì wá. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, kò sí ìlà kankan. Alẹ́ ọjọ́ keje ni nẹ́tíwọ̀kì padà, àtẹ̀jíṣẹ́ tó sì kọ́kọ́ wọlé ni èyí tó ní dátà náà ti ẹ̀sípáyà. Èyí tí kò tíì lò ju ìdajì lọ.

Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Àǹtí mi bi mí pé, "Kí ni wọ́n wí?" Èmi tí mo fi ọdún 24 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun. Mo ní ó ti tán. Ọmọ náà ní kò tán, ó ṣì kù. Mo ní ọjọ́ rẹ̀ ló pé. Àǹtí mi tẹjú mọ́ fóònù náà, ó ní, "Ṣé ọbẹ̀ ni, tó fi kan?"

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sì dá ni "ìpín dátà". N kò dá a láti inú ìwé. Ní ìlú ìyá mi, kànga kan ṣoṣo ni kì í gbẹ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá àgbà wa ló ń jókòó tì í. Agbè méjì ni ilé kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Kò pè é ní ààlà, kò pè é ní òté. Ohun tó ń wí ni, "Ẹ wá pọn ìpín yín." Ẹni tó bá lọ sóko tí kò rí tirẹ̀ pọn lónìí, mẹ́rin ni yóò pọn lọ́la. Òkúta wẹ́wẹ́ ni ìyá àgbà ń jù sínú igbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ẹni tí tirẹ̀ bá ṣẹ́kù, kó má baà gbàgbé.

Máàsì abúlé náà, kànga ni. Ohun tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà ní ìwọ̀n. Bí gbogbo ilé bá ṣí fídíò ní aago mẹ́jọ alẹ́, ti gbogbo wọn ni yóò máa fà. Wáyà fáíbà kò dé ibẹ̀, máàsì kan ló ń ju dátà sí èkejì. Jẹnẹrétọ̀ ló gbé e ró, àwọn oníbàárà tó máa san owó dísẹ́ẹ̀lì náà kò sì tó ti Ìbàdàn. Nítorí náà n kò bá ẹnikẹ́ni jà pé wọ́n ń pín in. Kí wọ́n pín in. Igbá tí òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ ni mo ń wá, èyí tó ń ṣọ́ ìpín ẹni tí kò rí tirẹ̀ lò.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ilé-Ifẹ̀ ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan "ìpín", pé Ọ̀rúnmìlà ni Ẹlẹ́rìí Ìpín, pé ọ̀rọ̀ orí àti àyànmọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ẹ ń gbé, kí ló wà nínú rẹ̀ bí kì í bá ṣe ìpín àti ilẹ̀? Ọ̀rúnmìlà kò bá gómìnà jà lórí ìyẹn. Ẹ tún ní ìpín kì í ṣe ohun tí à ń fowó rà, ohun tí wọ́n bá fún ni ni. Ní àdúgbò wa, èèyàn méje máa ń dá owó ra màlúù kan fún ọdún. Tí wọ́n bá kun ún tán, kí ni oníkálukú ń gbé lọ sílé? Ó sanwó o, ìpín rẹ̀ náà sì ni.

Ẹlòmíì ní ká kúkú pè é ní "òpin dátà", pé láàrin pin àti pín, ohùn kan péré ló yà wọ́n. Ohùn kan péré! Pin kì í ṣe pín. Èyí tó pin ti parí nìyẹn, èyí tí a pín ní olówó. Ẹni tó bá sì jẹ́ kí àmì bọ́ lórí ìpín, ipin ojú ni a óò kà.

Àìlópin náà ń kọ́? Wọ́n ń polówó "dátà àìlópin" fún àwọn ará oko. Tí èèyàn bá lò ó dé ìwọ̀n kan, wọn kò ní já a, wọ́n á kàn dín eré rẹ̀ kù títí fídíò kò fi ní lè ṣí mọ́. Àì- ti wọlé, ní ti wọlé, òpin ti wọlé, irọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì lo àìnípẹ̀kun fún ìyè. Ẹni tó kọ "àìnópin" síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, jọ̀ọ́, níwájú fáwẹ́lì tí kì í bá ṣe i, ní á di l. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ti kọ́ ìyẹn.

Àbúrò wa London tún ní ọ̀rọ̀ owó kò kan èdè. Ó kàn án. Ètò íntánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba àpapọ̀ kọ fún 2020 sí 2025 ní gíìgì kan kò gbọdọ̀ ju ₦390 lọ nígbà tí ọdún 2025 bá fi máa parí. Ó wà níbẹ̀ ní èdè Òyìnbó. Ní oṣù Kìíní 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi owó kún owó wọn, kó má ju ìdá 50 nínú 100 lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn kan nínú wọn béèrè ju ìdá 100 nínú 100 lọ. Èyí tí mo gbọ́ lórí rédíò ní Yorùbá kò ju "owó dátà ti gbẹ́nu sókè" lọ. Àǹtí mi kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti ṣèlérí ₦390 fún òun rí, kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan tó lè fi béèrè rẹ̀. Ẹnì kan níbí ní kí wọ́n ra Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti ojú ọ̀run wá láti ara sátẹ́láìtì. Ní oṣù Kẹwàá 2024, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé ₦38,000 lóṣù yóò di ₦75,000, NCC sì ní àwọn kò fọwọ́ sí i. Kódà ká ní ₦38,000 náà ló dúró sí: owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fi lélẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà ni ₦70,000. Ta ló máa san án nínú owó gààrí?

   

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fún dátà tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé: "kan". Ó dùn mọ́ mi láti ìgbà tí àǹtí mi ti sọ ọ́: dátà mi ti kan. Ó ju "ìparí àkókò ìlò" tí ẹnì kan dábàá lọ, ìyẹn gùn bí ìwé ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n láti àná ni ohun kan ti ń dà mí láàmú nínú rẹ̀. Kan kò gba àbọ̀, ìyẹn ẹni tàbí nǹkan tí a ṣe ìṣe náà sí. Ọbẹ̀ kan, ó kan fúnra rẹ̀, a ò lè béèrè pé ta ló kan án. Dátà ọmọ yẹn kò bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹnì kan mú un padà ní alẹ́ ọjọ́ keje, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tí òun fúnra rẹ̀ fi ti ilẹ̀kùn kànga. Mo ti gbìyànjú "dátà agbàpadà", ẹnu mi kọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ará Èkìtì àti Ìjẹ̀bú, ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ kan wà ní ẹ̀ka èdè yín fún nǹkan tí wọ́n tà fún èèyàn tí wọ́n tún wá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó pẹ́ kó tó lò ó? Mo ń padà lọ sí abúlé lọ́jọ́ Sátidé.