Eruku fẹ́ pa páànẹ́lì iná wa o, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ni mo ti ń ṣiṣẹ́ iná, ẹ̀yin náà mọ bí eruku ibẹ̀ ṣe máa ń rí. Páànẹ́lì wa, ìyẹn àpótí tó ń darí mọ́tò iná tó ń yí ẹ̀rọ, IP54 ni wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn ni pé eruku lè wọ̀ ọ́ díẹ̀ àmọ́ kò ní pọ̀ débi tó máa ṣèdíwọ́ fún iṣẹ́ ẹ̀, síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ṣí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì péré, ẹ lè fi ìka kọ orúkọ yín sórí inverter inú ẹ̀ (èyí tó ń darí bí mọ́tò yẹn ṣe ń yára sí). Fáànù ẹ̀ ti dí pa, ó ń gbóná, á kàn ṣàdédé kú, tó bá tutù díẹ̀ á tún jí. Contactor kan (swíìṣì tó ń tan mọ́tò tó sì ń pa á) tiẹ̀ ń kùn bí oyin, ìgbà tí mo tú u, eruku ló há sáàárín irin méjì tó yẹ kó pàdé.

Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, èmi ò fara mọ́ ọn torí ṣe ló ń ti eruku wọnú sí i, omi sì lè wà nínú atẹ́gùn yẹn. Mo ní ká pa iná ká lo fákúùmù àti búrọ́ọ̀ṣì, ó ní mò ń fàkókò ṣòfò, hmm.

Mo mọ̀ pé IP65 ò ní gba eruku wọlé rárá, àmọ́ tí mo bá dí gbogbo ẹ̀ pa, ooru inverter yẹn ńkọ́? Ṣé kí n gbé AC kékeré ti páànẹ́lì sí i ni, àbí kí fáànù tó ní fílítà máa ti atẹ́gùn mímọ́ wọnú ẹ̀ kí eruku má ráyè wọlé? Ihò tí wáyà gbà wọlé nísàlẹ̀ náà ṣì là gbayawu o, bóyá ibẹ̀ gan-an ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.