Ta ni Kjell Espmark yìí gan-an? Ṣé òun ló fún Ṣóyínká ní Nobel ni?

Ọmọ_Tíṣà: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ìjà ọ̀rọ̀ la jà lórí WhatsApp lánàá, ẹnì kan ní ọkùnrin ará Swídìn kan tó ń jẹ́ Kjell Espmark ni ọ̀gá níbi Nobel ní 1986, pé òun ló fún Ṣóyínká, òun náà ló sì fi Achebe sílẹ̀. Mo wá a lórí Google, wọ́n ní akéwì ni, pọ̀féṣọ̀ lítíréṣọ̀ ni, lámèyítọ́ ni, ó sì kú ní 2022. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa kó jọ̀ọ́ là mí lọ́yẹ̀. Ẹ má sọ pé kí n lọ ka Wikipedia o, mo ti kà á.

Bàbá_Akéwì: Àbúrò, irọ́ ni, àmọ́ irọ́ tó fẹ́ jọ òótọ́. Espmark wà nínú Akadẹ́mì Swídìn lóòótọ́, àwọn tó ń yan ẹni tó ń gba Nobel lítíréṣọ̀, 1981 ni wọ́n ti mú un wọlé, sórí àga kẹrìndínlógún. Ṣùgbọ́n àga 18 ló wà ńbẹ̀, gbogbo wọn ló ń dìbò, Lars Gyllensten sì ni alága kọmití Nobel nígbà yẹn, òun náà ló ka ọ̀rọ̀ ìyìn Ṣóyínká ní Stockholm. 1988 ni Espmark tó di alága, ó ṣe é títí di 2004. Ọdún tó débẹ̀ gan-an ni Mahfouz ará Íjíbítì gbà á, Gordimer tẹ̀ lé e ní 1991, Walcott ní 1992, Toni Morrison ní 1993. Ní ti Achebe, ẹni tó bá fẹ́ jà kó bá gbogbo wọn jà. Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé wọn, àádọ́ta ọdún ni wọ́n fi ń tì í mọ́lẹ̀, ó di 2037 kí wọ́n tó ṣí ti 1986, ibo wá ni ọ̀rẹ́ yín ti gbọ́ tiẹ̀?

Títílayọ̀_Ìwé: Ẹ ṣé sà. Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un. Strömsund lápá òkè Swídìn lọ́hùn-ún ni wọ́n bí i sí ní 1930. Ewì ló kọ́kọ́ gbé jáde, ní 1956, ó wá gba dókítà ní 1964, orí Artur Lundkvist ló kọ ọ́ lé, akéwì kan tó jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ tó fúnra ẹ̀ kọ́ ara ẹ̀ níwèé. Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín rèé: ìgbà tí Espmark máa fi wọ Akadẹ́mì, Lundkvist ló bá tó ti jókòó síbẹ̀ láti 1968! Ẹ rò ó wò, kéèyàn kọ tísíìsì lórí bàbá kan, kẹ́ ẹ tún wá jọ máa fa ọ̀rọ̀ nídìí tábìlì kan náà, bàbá tó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n fún Golding, òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, ní 1983 ṣe ló jáde síta lọ sọ pé òun ò fọwọ́ sí i. Èèwọ̀ nìyẹn lọ́dọ̀ wọn.

1978 sí 1995 ló fi ṣe pọ̀féṣọ̀ ní Yunifásítì Stockholm. Ó kọ̀wé lórí Tranströmer, akéwì Swídìn kan, ní 1983, nígbà tí Tranströmer wá gba Nobel ní 2011, òun ló ka ọ̀rọ̀ ìyìn ẹ̀, lẹ́yìn ọdún 28. Sùúrù nìyẹn. Ó tún kọ ìwé ìtàn àròsọ méje tó tẹ̀ léra lórí ìlú tó ń gbàgbé nǹkan, bẹ̀rẹ̀ láti 1987.

Adé_Ìbàdàn: Èyí tó ṣe pàtàkì jù ẹ ò dárúkọ ẹ̀. 1986 yẹn kan náà ló gbé ìwé jáde lórí bí wọ́n ṣe ń yan ẹni tó ń gba Nobel lítíréṣọ̀. Alfred Nobel tó dá ẹ̀bùn náà sílẹ̀ fi ọ̀rọ̀ Swídìn kan tó rúni lójú sínú ìwé ìpíngún ẹ̀, “idealisk” (ó jọ “ideal” Gẹ̀ẹ́sì), àwọn tó kọ́kọ́ jẹ adájọ́ kà á sí ìwà mímọ́ àti ọ̀rọ̀ ìjọ, ìyẹn ló jẹ́ kí Tolstoy, Ibsen àti Zola lọ lọ́wọ́ òfo. Nígbà tó di 1930 sókè, ìwé tí gbogbo ayé lè kà ni wọ́n ń wá, Pearl Buck wọlé. Lẹ́yìn ogun, àwọn tó la ọ̀nà tuntun, Eliot, Faulkner. Òun fúnra ẹ̀ ló wá ka 1986 sí ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wo gbogbo ayé.

Kò_Dáa_Bẹ́ẹ̀: Adájọ́ tó ń kọ ìtàn kóòtù ara ẹ̀ kẹ̀, ta ló máa gbà á gbọ́?

Adé_Ìbàdàn: Mo gbọ́ yín. Nínú ìwé yẹn, àwọn adájọ́ tó ti kú, kò dá wọn sí rárá. Àwọn tí wọ́n jọ jókòó, ẹnu ẹ̀ rọ̀ díẹ̀ sí tiwọn, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ní April 2018, tí wàhálà ọkọ ọ̀kan lára wọn tí àwọn obìnrin fẹ̀sùn kàn dé, tí Akadẹ́mì dìbò pé kí ìyàwó náà dúró, Espmark pẹ̀lú Englund àti Östergren, méjì mìíràn nínú wọn, ló dìde kúrò lórí àga wọn láti fi takò ó. Ẹni ọdún 88 ni nígbà yẹn o.

Ọmọ_Tíṣà: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti kó gbogbo ẹ̀ lọ sí WhatsApp, ọ̀rẹ́ wa dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú méjì, ó wá ní “Achebe wá ńkọ́?” 😂 Ìwé yẹn, ṣé ó wà ní Gẹ̀ẹ́sì?

Adé_Ìbàdàn: Ó wà, 1991 ni wọ́n túmọ̀ ẹ̀. Wo láíbìrì yunifásítì kó o tó náwó.